Ta Ló Máa Fọwọ́ Sí I Pé Ó Ti Dára? Ẹ̀kọ́ Lórí Gbígbé Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Sọ́fítíwíà Jáde Lọ́nà Agile

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé tó wà nípò ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé yunifásítì, nígbà náà bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún gbogbo ìlú pé àṣìṣe wọ inú ìdánwò UTME ọdún náà, pé èsì àwọn ọmọ 379,997 kò ṣeé gbára lé, àti pé wọ́n ní láti tún ìdánwò ṣe. Ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Èkó nìkan kó 65 nínú wọn, pẹ̀lú ọmọ 206,610. Àwọn yòókù wà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ jókòó. Ìdílé tó bá ní ọmọ tó ń wá ọ̀nà yunifásítì ní Dọ́pẹmu, Akówọnjọ tàbí Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó lákòókò náà á rántí ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa.

Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. JAMB yí ọ̀nà tí sọ́fítíwíà ìdánwò ń gbà ṣiṣẹ́ padà lọ́dún náà. Lára ìyípadà ọ̀hún ni pé kí ìbéèrè máa tò yàtọ̀ síra fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ìdáhùn A, B, C, D náà má sì dúró sójú kan, kí àwọn tó jókòó tira wọn má baà lè jí ara wọn wò. Kóòdù tó máa mú kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé ìyípadà yìí ti wà nílẹ̀. Wọ́n fi í sórí àwọn sáfà tí wọ́n ń pè ní KAD. Àwọn sáfà tí wọ́n ń pè ní LAG, àwọn tó ń gbọ́ ti Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn, kò rí i gbà. Ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń bá àjọ náà bójú tó ẹ̀rọ ni iṣẹ́ yẹn wà, kò sì sẹ́ni tó ta á lólobó títí èsì fi jáde.

Ẹ kíyè sí i pé ìṣòro náà kò sí nínú kóòdù tuntun. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lórí KAD á rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, á sì fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Àyẹ̀wò tó yẹ kó gbà wọ́n là ni èyí tó máa lọ bá sáfà kọ̀ọ̀kan, tó máa bi í léèrè pé: ṣé ohun tí a yẹ̀ wò lánàá ló wà lórí rẹ lónìí?

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, iléeṣẹ́ Knight Capital, tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, ti fi kóòdù tuntun sórí sáfà méje nínú mẹ́jọ. Ẹ̀kẹjọ ṣì ń lo ti àtijọ́. Kí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó pé lẹ́yìn tí ọjà ṣí, owó tó lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là ti bá ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn lọ.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ gba olùyẹ̀wò sọ́fítíwíà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó àti iye èèyàn. Èèyàn mélòó lẹ máa kó wá? Èló lẹ máa gbà? Ìbéèrè wọ̀nyẹn ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ọkàn ìwé àdéhùn wà níbòmíràn: ta ló máa sọ pé iṣẹ́ ti dára, ẹ̀rí wo ló máa mú dání nígbà tó bá ń sọ ọ́, agbára wo ló sì ní lọ́jọ́ tó bá sọ pé kò tíì dára? Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù tú u palẹ̀.

Ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò àyíká afárá Dọ́pẹmu ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fẹ́ áàpù tí ọmọ ẹgbẹ́ á máa fi dá owó, tí á máa fi tọrọ ẹ̀yáwó, tí á sì máa fi wo ohun tó kù fún un láìjẹ́ pé ó rìn dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọ́n ti rí ọ̀dọ́ méjì tó ń kọ kóòdù. Wọ́n wá ń wá ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ náà wò. Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lẹ jẹ́ akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin ni ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò, tí wọ́n máa ní kó wá. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wúlò fún ẹ̀yin méjèèjì, nítorí ìwé kan náà lẹ máa jọ tọwọ́ bọ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ yìí fẹ́ rà gan-an? Àyẹ̀wò kì í ṣe kí èèyàn máa tẹ áàpù káàkiri títí nǹkan á fi kọṣẹ́. Ẹ wo ìyá kan tó ń ta òkìrìkà lábẹ́ afárá. Fóònù itel kékeré ló ń lò, dátà rẹ̀ kò pọ̀, oníbàárà sì dúró síwájú rẹ̀. Ó fẹ́ dá ₦5,000. Ó tẹ "San owó", áàpù ń yí bírí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Báńkì ti yọ owó. Áàpù kò tíì gbọ́. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, ìyá náà tún tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí gan-an ni olùyẹ̀wò ti ń jẹun. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni owó kúrò lápò rẹ̀ àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Kí ni ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ kọ? Kí ni ìyá náà rí lójú fóònù, ṣé ó sì yé e? Bí fóònù bá kú lákòókò yẹn tó wá tàn án nílé lálẹ́ ńkọ́?

Olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kò ní wá bá yín pé "áàpù yín ń ṣe ségesège." Ohun tó máa kọ sílẹ̀ á rí báyìí: "Fóònù itel, dátà tí kò lágbára. Mo tẹ San owó. Mo pa dátà kí ìdáhùn tó dé. Mo tan án padà, mo tún tẹ San owó. Mo retí pé ìsanwó kan, ₦5,000, ló máa wọlé. Méjì ló wọlé, ₦10,000. Mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Àwòrán ojú fóònù wà nísàlẹ̀ yìí." Ẹni tó ń kọ kóòdù lè gbé ìwé yìí, kó tẹ̀ lé e ní ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀, kó sì fojú ara rẹ̀ rí àléébù náà. Owó gidi kò tilẹ̀ ní láti kúrò lápò ẹnikẹ́ni: iléeṣẹ́ ìsanwó Paystack àti Flutterwave méjèèjì ní àyè àyẹ̀wò tí owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó tòótọ́. Àkọsílẹ̀ tó mọ́ báyìí lẹ ń fi owó yín rà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá olùyẹ̀wò kan mọ ohun tó ń ṣe, ẹ ní kó fi àkọsílẹ̀ irú èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ hàn yín kí ẹ tó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ISTQB, àjọ ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò sọ́fítíwíà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, dára láti ní. Kò lè rọ́pò àkọsílẹ̀ tó ṣe kedere.

Ó wá ku Agile. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, àwọn ọkùnrin 17 tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ kíkọ sọ́fítíwíà pàdé ní Snowbird ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Kent Beck, Martin Fowler, Ken Schwaber àti Jeff Sutherland wà lára wọn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ti di ìwé rẹpẹtẹ: wọ́n á fi oṣù púpọ̀ kọ ohun tí oníbàárà fẹ́, wọ́n á fi ọdún kan kọ kóòdù, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọn á tó yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ohun tí oníbàárà fẹ́ ti yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n pè ní Agile ni pé kí iṣẹ́ máa jáde díẹ̀díẹ̀, kí oníbàárà máa rí i, kó máa sọ̀rọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń lọ. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀: á pè yín wá wọ aṣọ wò kó tó rán apá mọ́ ọn pátápátá, nítorí pé ìlà orí ìwé kò mọ̀ pé ẹ ti sanra sí i.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù láti fi Agile ṣiṣẹ́ ni Scrum. Nínú Scrum, wọ́n ń gé iṣẹ́ sí àkókò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sprint, tí kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Àtòjọ gbogbo ohun tí a ṣì fẹ́ ṣe wà nínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní backlog, ẹni tó ni áàpù ló ń pinnu èyí tó máa ṣíwájú. Ní òpin sprint kọ̀ọ̀kan, ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà tí a lè fi hàn. Ọ̀rọ̀ "tó ń ṣiṣẹ́" yìí ló sọ àyẹ̀wò di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín sprint, lójoojúmọ́, dípò kó jẹ́ ayẹyẹ ìkẹyìn. Ẹni tó bá fi í sí ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kó rántí HealthCare.gov, ìkànnì tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2013 kí aráàlú lè fi ra ìdójútòfò ìlera. Agbaṣẹ́ṣe púpọ̀ ló pín iṣẹ́ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ ìṣíde ni àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tó wáyé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́fà ló rí ìforúkọsílẹ̀ parí jákèjádò orílẹ̀-èdè náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà wà níbí. Nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní Snowbird, àwọn ọkùnrin náà sọ pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú oníbàárà ṣe pàtàkì ju dídunáàdúrà lórí ìwé àdéhùn lọ. Àwọn kan gbé e, wọ́n ní: "Agile la ń ṣe, a ò nílò ìwé." Èyí kì í ṣe ohun tí ìwé náà sọ. Ó sọ kedere pé ohun tó wà lápá kejì náà ní iyì, pé apá kìíní ló wúlò jù lójú àwọn. Ní Dọ́pẹmu, níbi tí owó ẹgbẹ́ ti jẹ́ òógùn àwọn tó ń jí ní aago márùn-ún ìdájí láti lọ gbọ́jà, ẹni tó bá ní kí ẹ má kọ ìwé kò fẹ́ràn yín.

Ohun tó yí padà ni ohun tí ìwé náà ń dè mọ́lẹ̀. Ìwé àdéhùn àtijọ́ máa ń to gbogbo ohun tí áàpù máa ṣe sílẹ̀, ó sì máa ń ní kí olùyẹ̀wò yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí a bá kọ irú rẹ̀ fún iṣẹ́ Agile, ní sprint kẹta ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó wà nínú áàpù kò ní mọ ara wọn mọ́. Nítorí náà, ẹ má to àwọn nǹkan áàpù sínú ìwé àdéhùn. Backlog ni ilé wọn. Ìwé àdéhùn ni kó di ohun tí kì í yí padà mú: gígùn sprint, àwọn èèyàn tó máa ṣiṣẹ́, owó sprint kọ̀ọ̀kan, ohun tí a máa kà sí iṣẹ́ tó parí, ẹ̀rí tó gbọ́dọ̀ wà, àti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lè jáde.

Kí a tó kọ ìlà kan, ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè tó le jù: ta ló ń gba olùyẹ̀wò síṣẹ́? Ó rọrùn kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ fún àwọn tó ń kọ kóòdù pé, "Ẹ bá wa wá ẹnì kan, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún tiyín." Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ̀ wò kò ní lè lahùn bó ṣe yẹ, pàápàá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa fa ìdádúró owó àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Agile náà kò fẹ́ kí olùyẹ̀wò jókòó sí òkèèrè bí ọlọ́pàá; ó fẹ́ kó wà láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kó gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbèrò, kó lè béèrè nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìyá olókìrìkà kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù rẹ̀. Àwọn ohun méjèèjì ṣeé mú pọ̀. Kí olùyẹ̀wò máa bá àwọn tó ń kọ kóòdù jókòó lójoojúmọ́, kó wà ní gbogbo ìpàdé wọn, kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ sì máa san owó rẹ̀ tààrà, lábẹ́ ìwé tó yàtọ̀. Nínú ìwé àwọn tó ń kọ kóòdù náà, ẹ fi ìlà kan sí i pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùyẹ̀wò wọ ibi iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí ìlà yẹn kò bá sí, olùyẹ̀wò á máa kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó ní láti ṣí i fún un.

Ó kan ohun tí a máa kà sí iṣẹ́ tó parí. Orí èyí ni ìjà ti ń bẹ́ jù. Ẹni tó ń kọ kóòdù á ní òun ti parí. Ohun tó ń sọ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òun. Akọ̀wé á gbọ́ "ti parí", á lọ kéde fún ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, tàbí kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín kọ ọ́:

"Iṣẹ́ kan kò tíì parí àyàfi bí ẹni tó yàtọ̀ sí ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí irú fóònù mẹ́ta, ó kéré tán, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, bí àyẹ̀wò gbogbo ohun tí a ti parí tẹ́lẹ̀ bá tún yege, bí kò bá sí àléébù onípò kìíní tàbí onípò kejì tó ṣẹ́ kù, bí olùyẹ̀wò bá ti rí i pé nọ́ńbà ẹ̀dà kan náà ló wà lórí gbogbo sáfà tí ọmọ ẹgbẹ́ ń lò, tí ẹ̀rí gbogbo èyí bá sì wà níbi ìpamọ́ tí ẹgbẹ́ ní, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà olùyẹ̀wò."

Gbólóhùn kan nìyẹn, ó gùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣeé yọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa sáfà ni ẹ̀kọ́ tí ọdún 2025 kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ti parí tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ gé nítorí owó: "Ṣebí a ti yẹ ìyẹn wò nínú sprint kejì?" Kóòdù tuntun máa ń ba ti àtijọ́ jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti àtijọ́. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Níwọ̀n bí àyẹ̀wò yìí ti ń pọ̀ sí i ní sprint dé sprint, ọwọ́ èèyàn kò ní ká a mọ́ bó bá yá; ẹ jẹ́ kí ìwé sọ pé olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́-aṣeraarẹ̀, ìyẹn kóòdù tó ń ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, fún àwọn èyí tó ṣe kókó, pẹ̀lú irinṣẹ́ bíi Appium, kí ẹ̀rọ máa bá a tún wọn yẹ̀ wò lóru.

Ẹ túmọ̀ ipò àléébù sínú ìwé náà kí àléébù kankan tó wáyé. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, onípò kìíní ni ohunkóhun tó bá ka owó lódì tàbí tó tú àṣírí ẹnìkan síta. Onípò kejì ni ohun tó bá dí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti dá owó tàbí láti tọrọ ẹ̀yáwó, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn yòókù, bí àwọ̀ tó ṣá tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ, lè dúró de sprint mìíràn. Olùyẹ̀wò ló ń dá àbá ipò; akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀; ẹni tó ń kọ kóòdù lè ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò lè yí i padà.

Nípa owó, ọ̀nà kan wà tó máa ń dà bí ọgbọ́n tó sì jẹ́ pàkúté: kí a máa san owó fún olùyẹ̀wò lórí iye àléébù tó bá rí. Ẹ fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo á di mẹ́fà lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kọ á máa gba àkókò tó yẹ kó lọ sórí ₦10,000 ìyá olókìrìkà, nítorí ó rọrùn láti rí. Ẹni tó ń kọ kóòdù á máa jiyàn lórí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá sì dára gan-an, olùyẹ̀wò kò ní rí owó gbà, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kó dára.

Owó kan pàtó fún gbogbo iṣẹ́ náà léwu lọ́nà tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, agbaṣẹ́ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àyẹ̀wò kúrú kí èrè rẹ̀ má baà tán, ẹ kò sì ní mọ̀. Owó wákàtí tí kò ní ààlà náà kò bá ẹgbẹ́ kékeré mu. Èyí tí mo fara mọ́ ni owó sprint kan pẹ̀lú ààlà lókè. Ká sọ pé ẹ fẹnu kò sí ₦300,000 fún sprint ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo sprint náà kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láìsí ìpàdé ìgbìmọ̀. Ẹ ti mọ̀ pé ohun tó pọ̀ jù tó lè jáde lápò yín ni ₦2,400,000. Olùyẹ̀wò náà mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ san owó lẹ́yìn ìpàdé òpin sprint, nígbà tí ẹ̀rí bá ti wà níbi ìpamọ́, kí ẹ sì san án lákòókò. Agbaṣẹ́ṣe tí owó rẹ̀ ń pẹ́ á fi yín sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Jeff Sutherland tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti dábàá ìlà méjì tí mo fẹ́ràn fún ìwé àdéhùn Agile. Àkọ́kọ́, oníbàárà lè pààrọ̀ ohun kan nínú backlog fún òmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ tó bákan náà, láìsan owó kún un, níwọ̀n ìgbà tó bá ń wá sí gbogbo ìpàdé. Èkejì, bí ohun tó wúlò bá ti parí ṣáájú àkókò, oníbàárà lè dá iṣẹ́ dúró, kó san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ṣẹ́ kù fún agbaṣẹ́ṣe. Ìlà kejì yìí ń mú kí ẹni tó yára ṣe dáadáa má pàdánù. Ẹgbẹ́ kékeré lè dín ìdá náà kù tàbí kó fi owó sprint kan rọ́pò rẹ̀. Kí ó ṣáà wà nínú ìwé.

Àṣẹ ìdádúró ló kàn. Bí olùyẹ̀wò bá sọ pé àléébù onípò kìíní ṣì wà, áàpù kò gbọdọ̀ jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé e kọjá, ìyẹn alága ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ sí tó sọ ìdí. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ìwé yẹn ṣe ń mú kí èèyàn ronú lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, tí gbogbo èèyàn bá ti rẹ̀, tí ẹnì kan sì ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká gbé e jáde, a máa tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé," olùyẹ̀wò ọmọ ogún ọdún ó lé kan kò ní lè dá àgbà lóhùn bí kò bá ní ìwé tó fún un láṣẹ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ ẹgbẹ́ kò ṣeé fojú fò. Áàpù yìí máa gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń lò. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹgbẹ́ tó bá gbé dátà àwọn èèyàn fún agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ lórí bó ṣe máa dáàbò bò ó, bí jàǹbá dátà tó lè pa aráàlú lára bá sì ṣẹlẹ̀, ó ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń rí sí i. Ojútùú tó rọrùn jù ni kí olùyẹ̀wò má tilẹ̀ rí dátà gidi: kí ó ṣẹ̀dá ọmọ ẹgbẹ́ àtinúdá, pẹ̀lú orúkọ àti BVN onínọ́ńbà 11 tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ da dátà ẹgbẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi WhatsApp fi ìwé orúkọ gbogbo oníbàárà ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò, kí ó lè "rí nǹkan lò". Ẹ má gbà á láyè.

Bí ẹ kò bá tíì mọ olùyẹ̀wò náà rí, ẹ fi sprint kan dán an wò kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé gígùn. Ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi, owó gidi, kí ẹ sì wo ohun mẹ́ta: bóyá àkọsílẹ̀ rẹ̀ yé àwọn tó ń kọ kóòdù, bóyá ó béèrè nípa àwọn tó máa lo áàpù, àti bóyá ó sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ náà kò dùn. Kí ó gbé fóònù rẹ̀ lọ sábẹ́ afárá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà kún tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fà, dípò kó wà nínú yàrá tó ní Wi-Fi.

Ìlà ìkẹyìn tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà ni ti ìdágbére, ìgbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín ni kí ẹ kọ ọ́. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ti Nàìjíríà tọdún 2022, ẹni tó ṣẹ̀dá nǹkan ló ni ín àyàfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló san owó rẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé sọ pé gbogbo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò, dátà àtinúdá àti iṣẹ́-aṣeraarẹ̀ di ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìsanwó sprint kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò sọ ọ́ ní sprint kan ṣáájú. Kí sprint ìkẹyìn yẹn jẹ́ ti ìfilélẹ̀: kí olùyẹ̀wò jókòó ti ẹni tó ń bọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí ẹni tó ń lọ ń wò ó. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá pa gbogbo ọ̀nà tí ẹni tó ń lọ ń gbà wọlé rẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ó san owó rẹ̀ tó kù, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé pé ó ti rí bẹ́ẹ̀.